Sí Mojí, Nípa Kọ́kọ́rọ́ Tí Òun Nìkan Mọ̀

Ìgbẹmọ-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé.

Mojí, Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Táyọ̀ ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Òjò kò jẹ́ kí n lọ sóko ìrẹsì láàárọ̀ yìí, ni mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti kọ lẹ́tà tí mo ti ń kọ lọ́kàn láti àná, láti ìgbà tí mọ́tò yín ti kúrò níwájú ilé. Ìyá rẹ bi mí pé kí ni mò ń kọ. Mo ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tán.

O mọ̀ pé inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun rẹ. Kí ọsibítù ìjọ ní Adó fi gbogbo kọ̀ǹpútà wọn sábẹ́ ọmọ mi, mo ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó létí ní Ìgbẹmọ, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá wa lọ ìrẹsì lẹ́nu ẹ̀rọ. Nígbà tí o sì gbé ọ̀ràn náà wá bá mi lánàá, pé kí bàbá rẹ tó ti fẹ̀yìn tì bá ọ wo ètò kọ̀ǹpútà mẹ́ta kí o lè mú ọ̀kan níbẹ̀, orí mi wú. Ìyá rẹ ní mo ń rìn bí ọ̀gá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tí ọsibítù yín ń fẹ́ yé mi. Wọ́n fẹ́ kí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó wà lórí ẹ̀rọ ńlá yín máa gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lójoojúmọ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ máa wà nípamọ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn ní ilé ìwòsàn kékeré yín tó wà ní ìlú kejì. Wọ́n sì fẹ́ kí a ti tì í pa kó tó kúrò ní Adó, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìlú kejì kò ní lè ka orúkọ ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ètò tí yóò ṣe é ni o ń wá, láàárín irú èyí tí àwọn tó kọ ọ́ ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo rẹ̀ ló dára. A jọ wò ó, a jọ rẹ́rìn-ín, oúnjẹ sì dé.

Ìdí oúnjẹ ni mo ti bi ọ́ pé ta ló tún máa mọ páswọ́ọ̀dù tí yóò ṣí i. O ní ìwọ nìkan. Mo ní, "Nígbà tí o bá lọ bímọ ńkọ́? Bí nǹkan bá..."

N kò sọ ọ́ tán. Ìyá rẹ ti gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá Mojí, ẹ gbẹ́nu yín sọ́hùn-ún. Kò ní sí nǹkan kan. Wẹ́rẹ́ ni yóò bí i. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Ọkọ rẹ ṣe àmín, ìwọ ṣe àmín, èmi náà ṣe àmín. O wá ní kí n bu ọbẹ̀ sí i. Bí ìbéèrè mi ṣe kú nìyẹn. Ǹ bá jẹ́ kó kú bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ọjọ́ ti sún mọ́lé. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ ó sì pa ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹ ní tẹ́lẹ̀, tí a kò tì, rẹ́, nítorí ẹ̀rù olè. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ̀rọ ńlá yín bá jóná, gbogbo ohun tí ọsibítù náà mọ̀ nípa àwọn aláìsàn rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní, oògùn tí kò bá wọn lára mu, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún wọn rí, yóò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà yóò sì wà nínú orí ènìyàn kan ṣoṣo, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ.

Mo mọ ìdí tí o fi fẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀. O sọ fún mi pé o bá páswọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà ní yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, pé ẹni tó ń ta búrẹ́dì pàápàá lè kà á. O ní o kò lè fi àṣírí àwọn aláìsàn sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. O jàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Mojí, mo sì fẹ́ kí o mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá.

O mọ Ṣẹ́gun, ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwa, tí o kí lánàá tó kàn rẹ́rìn-ín sí ọ. O kò mọ̀ ọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi wà ní ọ́fíìsì tó ń tọ́jú èsì ìdánwò, òun ló ń mójú tó kọ̀ǹpútà. Ó gbọ́n, ó sì ní ìfura bíi tìrẹ. Nígbà tí olè fọ́ ọ́fíìsì wa, ó lọ wá ètò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi ti ẹ̀dà gbogbo èsì ìdánwò pa sórí ẹ̀rọ kan ní ilé kejì, páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà lọ́kàn òun nìkan.

A ṣe ìpàdé lé e lórí. Gbogbo wa yìn ín. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò wá dìde, ó ní, "Bí Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́gun ò bá sí ńkọ́?"

Ìpàdé dàrú. Ẹnì kan ní kó má ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹlòmíràn bi í bóyá ó ti lá àlá kan ni. Alága ní ká dìde dúró ká gbàdúrà fún Ṣẹ́gun, pé kò ní kú ikú àìtọ́jọ́, a sì ṣe àmín tó mi àjà. Nígbà tí a jókòó padà, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ló kàn. Kò sí ẹni tó padà sí ìbéèrè obìnrin náà títí ìpàdé fi tú.

Ọlọ́run gbọ́ àdúrà yẹn. Ṣẹ́gun kò kú. Rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú, nínú oko ìrẹsì tirẹ̀ níbí. Apá ọ̀tún rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ sì bá a lọ. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù tí iná mànàmáná fi já dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó sì jó ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo èsì wà lórí rẹ̀. A sáré lọ sí ilé kejì. Gbogbo ẹ̀dà náà pé síbẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí wọn, wọ́n tò lọ rẹrẹ lójú kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tó lè ṣí ẹyọ kan. Nígbà tí a lọ wá àwọn tó ṣe ètò náà kí wọ́n lè gbà wá nímọ̀ràn, wọ́n ti pa á tì tipẹ́. Kò sí ẹni tó dáhùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti èsì ìdánwò ló ń dùn mí dòní. Wọ́n rán wa lọ sílé Ṣẹ́gun. A jókòó ti ibùsùn rẹ̀, a kọ a-b-d síwájú rẹ̀ pé kó máa nawọ́ sí i. Yóò nawọ́ sí ọ̀kan, yóò mi orí, yóò nawọ́ sí òmíràn, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Bí a bá lọ tán, àwọn mìíràn á dé. Àwọn tó ti jáde tí wọ́n ń wá èsì wọn láti fi wáṣẹ́ gbọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kò sí ẹni tó wá bèèrè àlàáfíà rẹ̀ tí kò ní bèèrè páswọ́ọ̀dù kó tó dìde. Ní ọjọ́ kan ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sì jẹ́ ká wọlé. Kò pariwo. Ó ní, "Uṣẹ́ yín ti tó. Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi ráyè ṣàìsàn rẹ̀."

Ó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti padà sí i lẹ́nu, a sì jọ máa ń jókòó nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, láìjẹ́ pé mo bi í, ó fi ọwọ́ òsì kan orí ara rẹ̀, ó ní, "Ó wà nínú ulé. Mi ò rí ẹnu ọ̀nà." Mo mọ ohun tó ń sọ.

Nítorí náà, ọmọ mi, fara balẹ̀ gbọ́ mi. N ó tò ó bó ṣe wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe bí ìwé ṣe ń tò ó.

Èkínní ni ti ètò tí o fẹ́ mú. Má mú un nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nǹkan ọ̀fẹ́ ló ń kó ènìyàn sí gbèsè. Ohun tó dára lára irú ètò yìí ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ lè wo inú rẹ̀, kó sọ bóyá títì tí wọ́n ní ó ń tì, ó ń tì í lóòótọ́. Èyí àkọ́kọ́ tí o fi hàn mí, tí ojú rẹ̀ rẹwà, tó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, o rí i pé nígbà tí mo ní kí o ṣí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń bèèrè ọ̀rọ̀, ìbéèrè ló kún ibẹ̀, ìdáhùn kò sí. Ilé tí ẹni tó ni ín ti kó kúrò ni. Má wọ̀ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe ìkejì. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé. Ìkẹta kò lójú, dúdú ni, ọ̀rọ̀ ni èèyàn ń tẹ̀ sí i, òun sì ni kí o mú. Ọwọ́ tó ń tún un ṣe pọ̀. Àwọn tí kò sí lára wọn ti yẹ títì rẹ̀ wò. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn bí inú ẹ̀dà rẹ̀ ṣe rí, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá túká lọ́la, ẹlòmíràn lè ṣe ohun tí yóò ṣí i. O ní àwọn nọ́ọ̀sì kò ní fẹ́ràn ojú dúdú rẹ̀. Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì ni yóò máa wò ó ni?

Bí o bá ti mú un, tọ́jú ètò náà fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dà náà, àti ìwé tó ṣàlàyé bí a ṣe ń lò ó. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé lè jẹ́ ọjọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò sí. O mọ Adó.

Èkejì, ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni. Àwa tó ń gbin ìrẹsì níbí, a kì í gbọ́kàn lé àpò irúgbìn nítorí pé àpò náà kún. A ó bu díẹ̀, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó wò ó bóyá yóò hù. Ṣe bẹ́ẹ̀. Mú ẹ̀rọ mìíràn tí kò mọ̀ ọ́ rí, kí o dá ẹ̀dà náà padà sórí rẹ̀, kí o ṣí fáìlì, kí o kà á. Kì í ṣe kí ètò náà sọ fún ọ pé ó ti parí o. Kí o fi ojú rẹ kà á. Kí o sì máa tún un ṣe nígbà gbogbo, nítorí àpò tó hù lọ́dún èṣí lè má hù lọ́dún yìí.

Ti kọ́kọ́rọ́ ló kù, òun ló sì mú mi jókòó. Ètò kẹta yìí gbà kí kọ́kọ́rọ́ tó ju ẹyọ kan lọ ṣí ẹ̀dà kan náà. O kò ní láti fún ẹnikẹ́ni ní tìrẹ. Ṣe ọ̀tọ̀ fún Sístà tó jẹ́ ọ̀gá yín, kí ó fi sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, kí ó tì í mọ́ inú àpótí irin ní ilé àwọn Sístà, níbi tí ẹ̀rọ kankan kò sí. Ṣe ọ̀tọ̀ fún Màmá Bísí tó ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn, ẹni tí o sọ pé kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni síta. Bí ẹnì kan bá sọ tirẹ̀ nù, o lè sọ kọ́kọ́rọ́ yẹn di aláìwúlò láì fọwọ́ kan ti àwọn yòókù. Kí páswọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan gùn o. Kí ó má sì jẹ́ orúkọ ọmọ tó ń bọ̀, nítorí gbogbo ìdílé Táyọ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé.

O lè ní o kò tíì rí ẹni tí o lè fọkàn tán. Ẹni tí a lè fọkàn tán kì í já bọ́ látọ̀run, a máa ń kọ́ ọ ni. Ìwọ tí ò ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ni o sọ kọ́kọ́rọ́ ilé wa nù nígbà tí o wà nílé ìwé? Ṣé mo kọ̀ láti fún ọ ní òmíràn? Mo bú ọ, mo sì tún gbẹ́ òmíràn fún ọ. Jókòó ti Màmá Bísí, kọ́ ọ, kí o ní sùúrù sí i.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí kò ní dùn mọ́ ọ. Ó máa ń dùn kó jẹ́ pé ìwọ ni wọn kò lè ṣe láìsí. Ní ìdí oúnjẹ lánàá, fóònù rẹ kò sinmi, ojú rẹ sì ń tàn ní gbogbo ìgbà tó bá dún. Mo mọ adùn yẹn, mo rí i lójú Ṣẹ́gun. Ṣọ́ra fún un, Àbẹ̀ní.

N kò bá àdúrà jà. Ìyá rẹ ń ka rósárì nítorí rẹ lọ́wọ́ ní yàrá, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo wà, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́ ọ ju bí mo ti ń gbọ́ ọ lọ. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwa kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ogun náà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́, a ó fi àmín bò ó lẹ́nu, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. O sọ fún mi pé bákan náà ni ìgbìmọ̀ ọsibítù yín ṣe nígbà tí o ka ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ pinnu bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí wọn létí. O ń rẹ́rìn-ín bí o ti ń sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín tẹ̀lé ọ, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i.

Jẹ́ kí n wá kọ ohun tí n kò lè sọ tán lánàá. Bí o bá wọ yàrá ìbímọ, tí nǹkan kò sì lọ bó ṣe yẹ, tí o dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ tí o kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Tàbí bí o bá kú. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Bí ìyá rẹ bá rí i, n kò mọ ọjọ́ tí yóò tún bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wà lórí ìwé báyìí, òjò ṣì ń rọ̀, ìwọ sì wà láàyè ní Adó, ó ṣeé ṣe kí o máa bá ọkọ rẹ jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò pa ẹnikẹ́ni. Àìsọ rẹ̀ ni mo ti rí tó ba nǹkan jẹ́.

N ó fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ Adó lónìí. Ní Ọjọ́rú, n ó wọ mọ́tò wá sí Adó, n ó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Fájuyì, n ó gun ọ̀kadà wá bá ọ níbi iṣẹ́. Kí o ti ṣe ẹ̀dà kan fún ìdánwò, kí o sì ti bá Sístà àti Màmá Bísí sọ̀rọ̀ kí n tó dé. Àwọn méjèèjì yóò wọ yàrá ẹ̀rọ, wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ tiwọn ṣí fáìlì kan láti inú ẹ̀dà náà. Ìwọ àti èmi yóò jókòó síta. Bó ti wù kí wọ́n pẹ́ tó, o kò ní wọlé, o kò sì ní kígbe sí wọn láti ojú fèrèsé, mo mọ̀ ọ́. Bí wọn kò bá rí i ṣí, ẹ má ṣe pa èyí àtijọ́ rẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Bó bá bí ọ nínú pé bàbá rẹ dá sí iṣẹ́ rẹ níwájú àwọn ẹlòmíràn, bínú. Ṣùgbọ́n ṣe é.

Mo fẹ́ kí o bímọ, kí o sùn, kí o jí nígbà tí ọmọ bá jí ọ, kí ó má sì sí ẹnì kan láyé tí yóò wá kanlẹ̀kùn pé ẹ̀rọ kan kò ṣí. Ọsibítù yẹn gbọ́dọ̀ lè ṣe é láìsí ọ. Èmi ni n kò lè ṣe é.

Bàbá rẹ.